Owó Ìfẹ̀yìntì Ọlọ́pàá àti Òṣìṣẹ́ Rélùwéè, àti Ìkùnsínú Àwọn Tí Kò Ní In

Owó ìfẹ̀yìntì ni owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lóṣooṣù lẹ́yìn tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, yálà nítorí ọjọ́ orí tàbí nítorí pé iye ọdún tí òfin là sílẹ̀ fún un ti pé. Gírátúítì yàtọ̀ sí i: owó gọbọi kan ni, tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí òṣìṣẹ́ bá dágbére fún ibi iṣẹ́. Lábẹ́ ètò àtijọ́, tó wà kí òfin tuntun ti 2004 tó dé, ọlọ́pàá tó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí méjèèjì. Òṣìṣẹ́ rélùwéè náà ní in. Dírẹ́bà tó ń gbé èrò láti Ìlá-Ọ̀ràngún lọ sí Òṣogbo kò ní ọ̀kankan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ọdún 35 tirẹ̀ kò kúrú ju tàwọn yòókù lọ. Ibẹ̀ ni ìkùnsínú ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ìjọba tó mọ ohun tó ń jẹ́ pẹ́ńṣàn, ilẹ̀ Ìgbómìnà ti ní ọ̀nà tirẹ̀ tí àgbà fi ń jẹun. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ètò ni. Ìlá, tó wà nílẹ̀ náà, jẹ́ ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ́ ẹmu. Adẹ́mu tó ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ láti kékeré mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí orúnkún kò ní í gbà mọ́. Ọjọ́ náà ni yóò fi igbà kọ́ ara ògiri, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yóò gba akèrègbè lọ́wọ́ rẹ̀. Oko tó dá, ilé tó kọ́, àwọn ọmọ tó tọ́, ìwọ̀nyẹn ni pẹ́ńṣàn rẹ̀. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí ẹni tí yóò ní kó wá fi ojú ara rẹ̀ hàn kó tó jẹun. Ohun tó da ètò yìí rú ni pé àwọn ọmọ ṣí lọ sí ìlú ńlá, iṣẹ́ owó oṣù sì gba ipò oko.

Rélùwéè wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ìtòsí. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ìkìrun àti Òkúkù kọjá lọ sí Ọ̀fà. Kò wọ Ìlá, kò wọ Òkè-Ìlá, kò wọ Ọ̀rà, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wọn. Òfin pẹ́ńṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà jáde ní 1951, wọ́n sì ní kí agbára rẹ̀ padà sẹ́yìn dé January 1, 1946. Lábẹ́ òfin náà, pẹ́ńṣàn kì í ṣe ẹ̀tọ́: ọ̀gá àgbà ìjọba amúnisìn ló lè fún ni, òun náà ló sì lè fi du ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni dúró di 1961 kí ètò National Provident Fund tó dé fún wọn. Ìyẹn pàápàá, owó tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ jọ dá ni wọ́n ń kó fún un lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe owó oṣooṣù títí dọjọ́ ikú. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni ti yà.

Ìdí tí ìjọba fi fún ọlọ́pàá ní pẹ́ńṣàn kò ṣòro láti rí. Ọlọ́pàá kì í ṣe ẹni tó lè dá oko sẹ́bàá ilé. Ọdún yìí Ìlá, ọdún tó ń bọ̀ Màídúgùrì. Ibi tí wọ́n bá gbé e lọ ló ń lọ, ìbọn sì lè bá a níbẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ kéré. Àdéhùn tí wọ́n bá a ṣe ni pé kó gba kékeré nísinsin yìí, kó lè rí jẹ ní ọjọ́ alẹ́. Nítorí náà, pẹ́ńṣàn kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í sì í ṣe àánú. Apá kan owó iṣẹ́ tó ti ṣe ni, tí agbanisíṣẹ́ dá dúró sọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó dùn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì nígbà tí wọn kò bá san owó yìí, ibẹ̀ ni kó wò: gbèsè ni wọ́n jẹ ẹ́.

Òfin pẹ́ńṣàn ti 1979 àti àwọn àtúnṣe tó tẹ̀ lé e ló gbé ètò àtijọ́ dé ibi tó dára jù. Ẹni tó ṣiṣẹ́ fún ọdún 10 ń gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ìkẹyìn, ó sì ń lọ sókè bẹ́ẹ̀ títí ẹni ọdún 35 fi ń gba ìdá 80. Gírátúítì ẹni ọdún 35 jẹ́ owó ọdún mẹ́ta gbáko. Ká ní ọlọ́pàá kan fẹ̀yìn tì lórí owó oṣù 100,000 náírà: yóò gba gírátúítì 3,600,000 náírà, yóò sì máa gba 80,000 náírà lóṣooṣù títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà tún sọ pé kí ìjọba máa ṣe àtúnyẹ̀wò pẹ́ńṣàn ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkígbà tí owó oṣù àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bá gbé pẹ́ẹ́lí sí i, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé.

Ibi tí ètò yìí dára sí náà ló ti bàjẹ́. Òṣìṣẹ́ kì í dá kọ́bọ̀ sínú rẹ̀. Inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdọọdún ni wọ́n ti ń yọ gbogbo owó náà. Ọdún tí owó epo rọ̀bì bá wọlé, àgbà yóò jẹun. Ọdún tí kò bá wọlé, ó di gbèsè. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀ ń tò sórí ìlà nínú oòrùn, àwọn mìíràn sì kú síbẹ̀.

Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí òfin tuntun ní June 25, 2004. Ètò alájọdá ni òfin yìí gbé kalẹ̀: òṣìṣẹ́ yóò dá, agbanisíṣẹ́ yóò dá, owó yóò wọ àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́, ilé iṣẹ́ aládàáni tó gba ìwé àṣẹ yóò sì máa fi ṣòwò. Àjọ PenCom ló ń ṣọ́ wọn. Nígbà yẹn, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá. Òfin 2014 sọ ọ́ di ìdá 8 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àti ìdá 10 lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́. Ẹni tó bá mọ àjọ tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń dá kò ní í ṣàjèjì sí ètò yìí: ohun tí èèyàn bá dá ni yóò kó.

Ohun tó mú ọlọ́pàá kọ ètò yìí wà nínú ìṣirò. Ìdá 18 nínú 100,000 náírà jẹ́ 18,000 náírà lóṣù. Lọ́dún 35, ó di 7,560,000 náírà, láìka èlé. Lójú ìwé, ó jọ ohun tó pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí kọ́ńsítébù tó fi 100,000 náírà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ká ní 8,000 náírà ni ẹnì kan ń gbà lóṣù nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀: gbogbo ohun tó wọ àkáǹtì rẹ̀ lóṣù kan jẹ́ 1,200 náírà. Owó tó lè ra oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan nígbà náà kò ra ju búrẹ́dì kan lọ lónìí. Ètò àtijọ́ ń wo owó oṣù ìkẹyìn nìkan, nítorí náà ó ń bá ọjà rìn. Ètò tuntun ń ka gbogbo kọ́bọ̀ láti ọjọ́ kìíní, ọ̀wọ́n ọjà sì ń jẹ kọ́bọ̀ wọ̀nyẹn bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ní December 2024, ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ fi hàn pé iye ọjà ti fi ìdá tó lé ní 34 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè láàárín ọdún kan. Kò sí èlé bọ́ǹdì ìjọba tó lé e bá.

Ọ̀ràn náà hàn kedere bí a bá fi ọlọ́pàá méjì tí wọ́n jọ wọṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ọjọ́ orí wọn yàtọ̀, ṣe àpẹẹrẹ. Òfin 2004 dá àwọn tí iṣẹ́ wọn kù bí ọdún mẹ́ta tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ sí, ó fi wọ́n sílẹ̀ nínú ètò àtijọ́. Ẹni kìíní fẹ̀yìn tì ní 2006. Àjọ PTAD, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2013, ló ń san owó rẹ̀, bí ìjọba bá sì fi 32,000 náírà kún pẹ́ńṣàn irú wọn, ó kàn án. Ẹni kejì fẹ̀yìn tì ní 2009. Inú àkáǹtì tó dá ni ó ti ń jẹ, iye tó sì wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Òfin 2014 ṣèlérí pé òun yóò fi iye kan lélẹ̀ tí pẹ́ńṣàn ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù ú lọ. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ìlérí náà fi wà nínú ìwé láìdé ọwọ́ ẹnì kankan. Aṣọ kan náà ni àwọn méjèèjì wọ̀, ìbọn kan náà ni wọ́n gbé.

Ní 2011, ìjọba yọ àwọn ológun àti àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS kúrò nínú ètò alájọdá, ó dá wọn padà sí ti àtijọ́. Wọ́n fi ọlọ́pàá sílẹ̀. Láti 2014 ni ọlọ́pàá ti ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń bójú tó owó náà, NPF Pensions, ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni. Ní July 21, 2025, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì jáde ní Abuja nínú òjò, irun funfun lórí, ọ̀pá lọ́wọ́ àwọn mìíràn, wọ́n ń béèrè pé kí wọ́n yọ àwọn náà. Àwọn tó fi ìgbésí ayé wọn tú ìwọ́de ká ni wọ́n wá ń ṣe ìwọ́de. Nínú oṣù kejì ọdún yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí bọ́ǹdì 758 bílíọ̀nù náírà láti fi san gbèsè ìfẹ̀yìntì tó ti pẹ́ nílẹ̀. Iye gbèsè náà nìkan tó láti sọ bí nǹkan ṣe rí.

Olè jíjà náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Ní January 2013, ilé ẹjọ́ kan ní Abuja dá John Yakubu Yusufu lẹ́bi. Ọ̀gá ni ní ọ́fíìsì pẹ́ńṣàn àwọn ọlọ́pàá, ẹ̀sùn náà sì ni pé òun àti àwọn mìíràn kó owó tó lé ní 20 bílíọ̀nù náírà. Adájọ́ fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí owó ìtanràn 750,000 náírà. Ó san án, ó sì lọ sílé. Gbogbo ilẹ̀ yìí ló pariwo. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ ní kí adájọ́ náà lọ jókòó sílé fún ọdún kan láìgba owó. Ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ ìdájọ́ náà di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, tí ó sì ní kí ó dá owó padà. Láàárín ọdún márùn-ún yẹn, àwọn tó ni owó ń darúgbó sí i.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìrìnnà ìjọba kò sàn jù wọ́n lọ. PTAD náà ló ń san owó àwọn àgbà rélùwéè. Ti Nigeria Airways ló burú jù. Ìjọba ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú yìí pa nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, ní 2003, ó sì tó 2018 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nínú 45 bílíọ̀nù náírà, bí ìdajì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Ọ̀pọ̀ ló ti kú. Ọmọ ló wá fi àwòrán bàbá rẹ̀ gba owó.

Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní August 27, 1991, ọlọ́pàá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó tètè sọ ètò alájọdá di òfin. Ọ̀rọ̀ wá di ti bọ́ǹdì: owó ọdún tí òṣìṣẹ́ ti ṣe kí ètò tuntun tó dé, tí ìjọba gbọ́dọ̀ san sínú àkáǹtì rẹ̀ kó tó lè jẹ nínú rẹ̀. Gómìnà kan lọ, òmíràn dé, ìwé ẹ̀rí bọ́ǹdì sì ń jáde ní ìpele ìpele, tí ẹni tí kò sí nínú ìpele yìí ń retí èyí tó kàn. Ọjọ́ ìfojúhàn ni kí èèyàn wo òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì dáadáa. Fáìlì rẹ̀ wà nínú ọ̀rá nítorí òjò. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, lẹ́tà ìgbéga, lẹ́tà ìdágbére, ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́ta. Igun ìwé ti ya, ó ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ó ti jí ní ìdájí kó lè bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ sí Òṣogbo. Dírẹ́bà tó gbé e gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ẹni yìí ṣáà ní ibi tó ń lọ gbà á.

Èrò dírẹ́bà yìí yẹ kí wọ́n gbọ́ jáde, nítorí kì í ṣe ìlara lásán. Ó jí ní aago márùn-ún. Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì. Ó san ti ẹgbẹ́, ó ra epo, ó jíṣẹ́ owó fún ẹni tó ni ọkọ̀, ohun tó kù ni tirẹ̀. Lójú ọ̀nà, ọlọ́pàá dá a dúró, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Ó wá gbọ́ lórí rédíò pé ọlọ́pàá yẹn kan náà ń béèrè pẹ́ńṣàn tó ju èyí tó ń gbà lọ, owó tí wọn yóò sì fi san án yóò wá láti àpò ìjọba tí òun náà ń san owó orí sí. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní irú ọ̀rọ̀ kan náà nínú. Òfin 2014 mú un ní dandan pé kí ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa dá owó ìfẹ̀yìntì. Ilé ẹ̀kọ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 15 bọ́ lọ́wọ́ dandan yẹn. Àwọn tó tó 15 pàápàá, àwọn kan ń yọ ìdá 8 lára owó tíṣà, wọn kò sì fi ránṣẹ́ síbì kankan, bẹ́ẹ̀ òfin ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje, kí ẹni tó bá dá a dúró sì san owó ìtanràn lé e.

Ibi tí èrò náà ti ṣìnà ni pé ẹni tí dírẹ́bà ń bínú sí ni oníbàárà rẹ̀. Ní 2015, òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun wà láìgba owó fún ọ̀pọ̀ oṣù, lẹ́yìn náà àwọn tí ipò wọn ga gba ìdajì owó oṣù títí di 2018. Àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ ọ́n lára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹlẹ́mu kò rí ẹni rà á. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kò rí owó ilé ẹ̀kọ́ gbà, tíṣà wọn náà kò sì rí owó oṣù. Ọkọ̀ kò kún ní gáréèjì. Nínú ìlú tí kò ní ilé iṣẹ́ ńlá, owó oṣù tíṣà àti pẹ́ńṣàn àgbà wà lára omi tó ń rin ọjà. Bí wọ́n bá dí orísun náà pa, òùngbẹ kò ní í mọ ẹni tó jẹ́ ti ìjọba.

Bí ìbínú bá fẹ́ ní ojú, ó ní ibi tó yẹ kó kọjú sí. Lọ́dún 2007, òfin Ìpínlẹ̀ Èkó fún gómìnà tó bá lo sáà rẹ̀ pé ní ilé ní Èkó àti ní Abuja, ọkọ̀, òṣìṣẹ́ ilé, àti owó oṣù títí láé, fún iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ṣe irú rẹ̀. Zamfara fagi lé tirẹ̀ ní 2019 lẹ́yìn ariwo. Ọlọ́pàá tó ṣe ọdún 35 kò rí ìdá kan nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ìyẹn.

Ìjà yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ní December 20, 2005, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ àti bọ́ọ̀sì ní ìlú New York, lábẹ́ ẹgbẹ́ Transport Workers Union Local 100, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ MTA ti fẹ́ kí àwọn tí wọn yóò gbà lẹ́yìn náà máa fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún 62 dípò 55. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n máa dá owó jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òtútù mú, àwọn èèyàn fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lórí afárá lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni, tí àwọn ọ̀gá tiwọn ti ń mú pẹ́ńṣàn kúrò díẹ̀díẹ̀, bínú pé ẹni ọdún 55 ń fẹ̀yìn tì. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là lé ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì fi olórí rẹ̀, Roger Toussaint, sí ẹ̀wọ̀n fún ọjọ́ díẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ aládàáni kan tó torí ìyà yẹn rí pẹ́ńṣàn gbà.

Fún dírẹ́bà, adẹ́mu, télọ̀ àti ìyá aláta, ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ ní March 2019, nígbà tí ìjọba gbé ètò ìfẹ̀yìntì kékeré jáde fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN lè ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, kó máa dá iye tó bá wù ú lójoojúmọ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù. Bí wọ́n ṣe gbé e jáde nígbà náà, ìdá 40 nínú owó náà ṣeé yọ bí ìṣòro bá dé. Ìdá 60 wà fún ọjọ́ ogbó. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé kò sí agbanisíṣẹ́ tó ń fi ìdá 10 kún un. Ẹlẹ́sẹ̀ kan ni àga náà. Alájọ tó ń dé ìsọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ṣì rọ àwọn èèyàn lọ́rùn jù ú lọ, nítorí wọ́n mọ ojú rẹ̀. Ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ ló súnmọ́ jù láti ṣe é: bí wọ́n bá ya náírà mélòó kan sọ́tọ̀ lára tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ awakọ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe fún un yẹn. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n má ṣe é.

Ọlọ́pàá tó wọṣẹ́ ní 1990 ti pé ọdún 35 ní 2025. Èyí tó wọṣẹ́ lẹ́yìn tí òfin 2004 jáde kò ní í pé ọdún 35 ṣáájú 2039. Títí di òní, kò tíì sí ọlọ́pàá kan ní Nàìjíríà tó ti fi ọdún 35 gbáko dáwó sínú ètò tuntun.